Ogún Ojú Awọ̀n

Ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí ná. Ìjọba kùn ún ní funfun, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà gbọọrọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo ẹja àti òkun. Tó bá dúró sí èbúté, ó wuyì lójú, ẹ máa rò pé kò sí ọkọ̀ tí kò lè lé bá. Irọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní. Ọ̀kan ti kú láti bí ọdún mẹ́ta, èkejì ń ṣe bí aláìsàn tí wọ́n ń bẹ̀ kó jẹun. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ẹ́ńjìnnì, a máa bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀: "Jọ̀ọ́, ọmọ dáadáa, má dójú tì mí lónìí." Ọjọ́ mìíràn, á gbọ́. Ọjọ́ mìíràn, á dójú tì í gidi.

Inú ọkọ̀ yìí ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Òfin sọ pé ojú awọ̀n apẹja kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó àádọ́ta mìlímítà, kí àwọn ẹja kéékèèké lè rọ́nà bọ́, kí wọ́n lè dàgbà. Òfin tó dáa ni, n kò ní bú u. Oníwọ̀n ní irin pẹlẹbẹ kan, orí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ìlà wà lára rẹ̀ bíi ti rúlà. Á ki irin náà bọ ojú awọ̀n, ibi tó bá dúró sí, á pe nọ́ńbà rẹ̀ sókè, ẹlòmíràn á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ogún ojú ni wọ́n ń wọ̀n lára awọ̀n kan. Wọn á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn á pín in sọ́nà ogún, ohun tó bá jáde ni ìdájọ́ awọ̀n náà.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀gá jọ̀ọ́ kó fojú fò ó, Oníwọ̀n á ní, "Èmi kọ́, irin ni." Ó sọ ọ́ títí ó fi di àwàdà létí omi. Ọmọ tó bá fọ́ àwo nílé apẹja, tí ìyá rẹ̀ bá ń lé e kiri, òun náà á máa ké pé, "Èmi kọ́, irin ni!"

Wọ́n tún máa ń bu omi. Tí epo bá dà sójú òkun, tí ojú omi bá ń dán yinrinyinrin, Oníwọ̀n á bù ú sínú ìgò méjì, á kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sí wọn lára, wọn á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, wọn á pa èkejì mọ́ sínú ọkọ̀. Ọ́fíìsì kò dáhùn rí. Àwọn ìgò kejì yẹn ti kún pẹpẹ mẹ́ta. Ìyá Ẹ́ńjìnnì ní bó bá yá, àwọn á kúkú ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Oníwọ̀n ní ẹ̀gbọ́n kan. Àwọn méjì péré ni òbí wọn fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n wọ inú omi láti ọjọ́ náà, ẹja ló fi tọ́ ọ, ẹja ló fi rán an níwèé, títí àbúrò fi di ẹni tó ń wọ aṣọ ìjọba. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ẹ̀gbọ́n. Tó bá fẹ́ ju okùn, á kọ́kọ́ yí èjìká padà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, ẹ̀yin á ti máa kígbe, àfi kí okùn náà lọ balẹ̀ síbi tó fẹ́ gan-an. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ju okùn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo etí omi náà.

Nígbà tí awọ̀n Ẹ̀gbọ́n gbó tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ibi tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́, Oníwọ̀n ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo máa ra tuntun fún yín." Ẹ gbọ́ o, ìwé ìlànà iṣẹ́ wọn sọ pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ ra ohun ìpẹja fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á lé e. Oníwọ̀n mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ irin rẹ̀ jáde lápò. Ó wọn ogún ojú, kò fo ọ̀kan. Àádọ́ta géérégé. Ẹni tó ń tajà mú òmíràn tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ wá, Oníwọ̀n ní rárá, kó gbé e padà. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun rí gbogbo ẹja tí òfin bá gbà á láyè láti pa, kí ẹyọ kan má bọ́ lásán. Ìfẹ́ ló kó bá a.

Nítorí pé, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni Oníwọ̀n ti ń wọn awọ̀n láti ọdún mọ́kàndínlógún? Ojú omi ni. Gbogbo awọ̀n tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú òkun ni, omi ń ro lára rẹ̀. Kó tó dọjọ́ yẹn, kò wọn awọ̀n gbígbẹ rí láyé rẹ̀. Àwa tí a kò mọ nǹkan kan ì bá ti béèrè pé tí omi bá wọ okùn yìí ńkọ́? Òun tó mọ̀ ọ́n jù kò béèrè. Okùn tuntun tó bá ti mu omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan a máa súnkì, kókó rẹ̀ á fún, ojú awọ̀n á dín.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ìjọba dá apẹja kan dúró. Awọ̀n tuntun ni, láti ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà. Oníwọ̀n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ọkùnrin náà káwọ́ lérí.

"Ọ̀gá, ó pé nígbà tí mo rà á! Ìṣojú mi ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n!"

Oníwọ̀n ti la ẹnu láti sọ pé, "Èmi kọ́, irin ni," àmọ́ kò sọ ọ́, ó tún wọn ojú mìíràn. Awọ̀n Ẹ̀gbọ́n ló rí níwájú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ lọ́dún tó kọjá ni, wọn ì bá kàn kìlọ̀ fún ènìyàn, wọn á ní kó lọ wá awọ̀n mìíràn. Ṣùgbọ́n àṣẹ tuntun ti dé: awọ̀n tí kò bá pé, wọn ò ní dá a padà mọ́, wọn á sì gba ìwé àṣẹ ìpẹja ẹni tó ni ín fún ọdún kan gbáko. Ọdún kan! Àwọn tó kọ irú nǹkan báyìí, n kò mọ ohun tí wọ́n rò pé apẹja ń jẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Oníwọ̀n lọ sílé Ẹ̀gbọ́n láti lọ sọ ọ́. Ó ti ṣètò gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Kò tíì wọlé tán tí ìyàwó Ẹ̀gbọ́n fi pariwo, "Ọkọ mi dé! Ọkọ mi tí kì í fojú fo nǹkan! Ẹ wọlé, ẹ má wọn ìkòkò mi o, ó pé!"

Oníwọ̀n rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí bí ènìyàn ò ṣe ní rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Ó ti ta awọ̀n náà sórí okùn láti igun ògiri kan dé èkejì, ó ń fi ọwọ́ òsì ja ewé òkun kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò kan jókòó sórí garawa tó dorí kodò, ó ń wò ó.

"Àbúrò mi ló rà á fún mi," ni Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún un. "Èyí tí mo gbé pọ̀n nígbà tó ní ibà. Wò ó, fọwọ́ kàn án. Ṣé o ti rí irú rẹ̀ rí?"

Aládùúgbò ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó jọ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní kó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó lọ tán, Oníwọ̀n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, awọ̀n yìí..."

"Kí ló ṣe é?"

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bí ẹni tó kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀. Oníwọ̀n ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Ó dára ni." Ó dá ara rẹ̀ lóhùn nínú pé kí oṣù tó parí, òun á wá awọ̀n mìíràn, òun á fọgbọ́n pààrọ̀ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ ní mọ̀. Ó wá ní, "Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má lọ sí apá ẹnu odò. Apá àpáta ni kẹ́ ẹ lọ."

"Kí ló dé?"

"Ẹja pọ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ènìyàn tó ti wà lójú omi fún ogójì ọdún, ẹ fẹ́ sọ ibi tí ẹja pọ̀ sí fún un! Ṣùgbọ́n kò bi í léèrè mọ́. "Ó dáa," ló wí. "Apá àpáta la ó lọ."

Apá ẹnu odò ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ ìjọba lọ́sẹ̀ náà. Oníwọ̀n ti kà á lójú pátákó iṣẹ́ wọn.

Ní Ọjọ́rú, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, wọ́n wà ní ẹnu odò bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ ńlá dúdú kan lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Awọ̀n tí ọkọ̀ yìí ń wọ́ nílẹ̀ òkun fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, àtẹja àti ọmọ ẹja àti iyanrìn tí wọ́n ń sùn lé ló ń kó, kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ etí ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ pè é lórí rédíò lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dáhùn. Ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, oṣù mẹ́rin péré. Irun rẹ̀ ti funfun, inú ọkọ̀ òkun akẹ́rù ló ti wà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ Oníwọ̀n ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn awọ̀n. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò sì mọ̀ pé Oníwọ̀n ní ẹ̀gbọ́n kan lójú omi.

"Ẹ lé e," ló wí.

Wọ́n lé e. Wọ́n lé e kọjá ẹnu odò, wọ́n lé e títí dé apá àpáta. Ìyá Ẹ́ńjìnnì ń bẹ ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, ó ń pè é ní ọkọ, ó ń pè é ní bàbá. Nígbà tó yá, èéfín bo gbogbo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó gòkè wá, ó ń wúkọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ó tán. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ̀yin ni ẹ máa fi ọwọ́ wà wá délé."

Ọkọ̀ dúdú náà ń lọ. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé fìlà rẹ̀ sókè, ó ń juwọ́ sí wọn. Àbùkù wo ló tún tó ìyẹn?

Ọ̀gá fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Odindi ọ̀sẹ̀ kan rèé tí a ò mú nǹkan kan wálé. Kí ni mo fẹ́ kọ ránṣẹ́?" Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ó rí ọkọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ẹnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì fa awọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n ni.

Ìyá Ẹ́ńjìnnì mọ Ẹ̀gbọ́n. Ó wo Oníwọ̀n, ó wo ọkọ̀ kékeré náà. "Ọ̀gá," ló wí, "ẹ́ńjìnnì yìí gbóná o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ó ṣì lè gbé wa dé ibẹ̀ yẹn," ni Ọ̀gá dáhùn. Òótọ́ sì ni, kò ju ìwọ̀n ibi tí ènìyàn lè ju òkò dé lọ.

Ẹ̀gbọ́n rí wọn. Kò sá. Kí ló máa sá fún? Àbúrò rẹ̀ ló ra awọ̀n, àbúrò rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yí èjìká padà, ó ju okùn sókè sí wọn, okùn balẹ̀ sẹ́sẹ̀ Oníwọ̀n.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ gbé awọ̀n yín sókè, a fẹ́ wọ̀n ọ́n ni, kò ní pẹ́."

"Kò sí wàhálà, ọ̀gá. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa."

Wọ́n tẹ́ awọ̀n sórí pákó ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀gá mú bébà àti bírò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oníwọ̀n. Oníwọ̀n ki irin bọ ojú àkọ́kọ́. Méjìdínláàádọ́ta. Ó pè é. Ó ki í bọ èkejì. Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, Ọ̀gá ní kó sọ̀rọ̀ sókè. Ní ojú kẹfà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ó tẹ irin náà, okùn yà díẹ̀, ó wọ àádọ́ta.

"Rárá o," ni Ọ̀gá wí, kò tilẹ̀ bínú. "Má tẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo kọ́ mi pé a kì í tẹ̀ ẹ́. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Méjìdínláàádọ́ta.

Ẹ̀gbọ́n dúró lórí wọn. Ní ojú kẹwàá ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ní ojú ìkarùndínlógún, ó ti mọ ohun gbogbo: ohun tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ sọ lẹ́yìnkùlé tí kò lè sọ, ìdí tó fi ní kó wá sápá àpáta. Oníwọ̀n kò gbójú sókè wò ó. Ó pe ogún ojú náà tán. Ọ̀gá rò ó pọ̀, ó pín in.

"Kò pé, bàbá. Ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

Ó na fọ́ọ̀mù sí Oníwọ̀n, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ kò ṣeé kà. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà: ta ló fún un ní awọ̀n yìí? Oníwọ̀n di bírò mú. Ó fẹ́ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́, nítorí ètè rẹ̀ ti là. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni: èmi ni mo rà á. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n.

"Ọkùnrin kan ni, sà," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ó ń kọjá lọ ni. N kò mọ orúkọ rẹ̀."

"Tẹ́ ẹ bá rí i, ṣé ẹ lè dá a mọ̀?"

"N kò lè dá a mọ̀."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá wí.

Oníwọ̀n sì kọ ọ́. Ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà kọ ọ́ pé: ọkùnrin kan, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ti ṣófo, ó tú okùn, ó lọ. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, Ìyá Ẹ́ńjìnnì fún Oníwọ̀n ní omi mu, ó ní, "Jókòó."

Wọ́n so páálí mọ́ awọ̀n náà, wọ́n jù ú sí yàrá ẹrù nínú ọkọ̀, lábẹ́ pẹpẹ tí wọ́n to àwọn ìgò epo sí. Oníwọ̀n ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ́fíìsì kọ̀wé wá pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà dára.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó lè lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló bá lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ sórí okùn tí wọ́n ń ta awọ̀n sí. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," ló wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ó ti lọ. Inú ọkọ̀ dúdú yẹn ni wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní ibì kan wà nínú ọkọ̀ náà tó jẹ́ pé ọlọ́wọ́ òsì nìkan ló lè fa awọ̀n níbẹ̀." Ó gbọn ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó tún un gbọ̀n. "Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń wálé. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò bínú. Ó ní tí wọ́n bá lé ẹ̀yin náà níṣẹ́, ilé méjèèjì á wó, ta ló máa sanwó kí ọmọ wa lè parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀?"

Oníwọ̀n ní, "Ìyàwó mi, èmi ni mo..."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ má sọ ọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe?"

Oníwọ̀n bá a mú agbọ̀n aṣọ dání títí ó fi sá a tán. Kò rí nǹkan mìíràn ṣe.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún rí ọkọ̀ dúdú náà, ó tún wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ọ̀gá kò tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n lé e mọ́. Ó ní kí Ìyá Ẹ́ńjìnnì dín ẹ́ńjìnnì kù, ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn fún Oníwọ̀n.

"Wo àwọn tó wà lórí rẹ̀. Ọ́fíìsì ní tá a bá rí ọmọ ilẹ̀ yìí kankan nínú wọn, ká kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, wọn á gbé e lọ sí kóòtù. Ọkọ̀ náà kò ṣeé mú, ó kéré tán wọn á rí ẹnì kan mú."

Oníwọ̀n gbé awò sójú. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ ń fa awọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, gbogbo wọn wọ rọ́bà òjò aláwọ̀ ọsàn, wọ́n fi fìlà rẹ̀ borí, kò sí bí ènìyàn ṣe lè rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ẹni tó wà ní ìparí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká okùn jọ. Ó yí èjìká padà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Okùn fò lọ, ó balẹ̀ síbi tó fẹ́.

Oníwọ̀n sọ awò náà kalẹ̀.

"Kí lo rí?" ni Ọ̀gá béèrè. Ó ti mú ìwé jáde. "Ṣé o mọ ẹnì kankan níbẹ̀?"

"Ọkùnrin kan ni, sà," ni Oníwọ̀n dáhùn. "N kò mọ orúkọ rẹ̀."